Ta Ló Fún Alfa Mọ̀múdù Ní Márùn-ún?

Alfa Mọ̀múdù kò bẹ̀rù òtútù Dublin. Kò bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ní Coolock, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí ẹrù gun orí pẹpẹ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láyà: kí ènìyàn ní kó sọ ire tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní, "Alfa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o," á ní, "Iṣẹ́ wo?" Bí wọ́n bá ní ọmọ tó kọ́ ti ka Kùránì dé ìparí, á ní ọmọ náà ló lọ́pọlọ. Husainat, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń bá a gba ìyìn.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre. Òun ló kọ́ ọ. Nígbà tí yìnyín sé gbogbo yín mọ́lé, ta ló jáde?"

Tó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, Alfa á tẹ orí ba, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí bàtà ń fún. Ṣùgbọ́n kì í ní kó dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn. Ọkọ á ṣe é, aya á sọ ọ́.

Nínú pálọ̀ wọn ní Coolock ni ilé-kéwú náà ti bẹ̀rẹ̀. Nàbílà ọmọ wọn àti àwọn ọmọ aládùúgbò kan ló jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Husainat ń dín àkàrà ní kíṣìnì. Àwọn ọmọ tìtorí àkàrà wá, wọ́n bá álífù pàdé. Kò pẹ́, pálọ̀ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n gba họ́ọ̀lù àdúgbò. Àwọn ará Clondalkin ní àwọn náà fẹ́. Àwọn ará Blanchardstown ní ṣé àwọn kì í ṣe Mùsùlùmí ni. Báyìí ni Alfa ṣe di olórí ilé-kéwú mẹ́ta, tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti ọ̀kan dé èkejì, páálí ìwé lábẹ́ abíyá. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n kọ ọ́ pé Mọ̀múdù ni Ọ̀gá, Husainat ni Igbákejì. Nínú ilé, kò sẹ́ni tó béèrè.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, owó ń ṣàn ní Dublin bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Kíréènì pọ̀ lójú sánmọ̀ ju ẹyẹ lọ. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lánàá ń wá ilé rà lónìí. Ìjọba náà ń wá ibi tí yóò da owó sí. Ọ́fíìsì kan wà tó ń ran ẹgbẹ́ àwọn àlejò lọ́wọ́. Wọ́n bá ilé-kéwú san owó họ́ọ̀lù, wọ́n bá wọn ra ẹ̀rọ amúlémóoru. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ìbéèrè dé. Ọ́fíìsì náà ṣe òfin: ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀ka, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn, gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà ni yóò máa gbé ọ̀gá lé ìwọ̀n lọ́dọọdún.

Òfin náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ àti ọ̀gá á jọ fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí ọdún bá parí, oníkálukú á dá fún un ní máàkì láti orí oókan dé márùn-ún, láìfi han ẹnì kejì. Ọ̀gá náà á fún ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n á kà á síta lójú rẹ̀ àti lójú ẹni tí ọ́fíìsì bá rán wá. Òun náà á fèsì. Bí wọ́n bá rò ó pọ̀, tí wọ́n sì pín in dọ́gba, tí kò tó mẹ́ta, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá, tàbí kí owó dúró.

"Ẹ fẹ́ máa wọn ènìyàn bí ìrẹsì," ni Husainat wí. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Òun náà ló yan ohun tí wọ́n máa fi wọn ọkọ rẹ̀. Àwọn yòókù ti ń jiyàn láti ìrun Àìlà títí Àsárì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ó gbé àwo àkàrà kalẹ̀, ó ní: kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n kà, kí àwọn olùkọ́ má pẹ́ dé, kí ibi tí wọ́n ń jókòó sí móoru, kí àwọn òbí mọ ohun tó ń lọ. Mẹ́rin péré. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n túká.

Ikọ́ náà kò lọ. Kí òtútù ọdún yẹn tó kásẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n ti sin Husainat.

Alfa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bó bá jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó lè wà níbẹ̀ títí tíì iwájú rẹ̀ á fi tutù. Ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ ilé-kéwú, nìkan ni ojú rẹ̀ ń là. Nàbílà rí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Dublin ló dàgbà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè gba ilé-kéwú lọ́wọ́ bàbá òun, bàbá òun ò ní dìde lórí àga yẹn mọ́.

Ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú ìgbìmọ̀. Alhaji Adélékan ni alága. Wọ́n fi í ṣe alága nítorí pé ó ní kóòtù dúdú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá ènìyàn wá báńkì tí yóò yá wọn lówó ilé. Kò sẹ́ni tó kí i tí kò ní bi í pé, "Ṣé ẹ ti ra ilé?" Ó bi ìmáàmù. Ní itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n ti ń sin Husainat, ó fún ẹni tó gbẹ́ sàréè ní káàdì rẹ̀. Alhaji fẹ́ ipò ọ̀gá ilé-kéwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò fi pamọ́. Ó ní ilé-kéwú ti kọjá ohun tí ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lè máa ṣe olórí rẹ̀.

Èkejì ni Mọ́pẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Zayd. Ó ń ta irun ní Moore Street, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ Alfa. Ẹ̀kẹta ni Tàjùdíìnì, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní Grange Castle. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kó tó wọlé, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, nítorí náà ó gbà pé òun mọ ìgbéléwọ̀n ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin ni Bàbá Khalifa, àgbàlagbà tó wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó máa ń sùn ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n bó bá jí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ká yọ Alhaji kúrò, àwọn mẹ́ta yòókù fẹ́ràn Alfa bí ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ìfẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e lọ.

Ọdún parí, ó ku ọ̀la kí ìpàdé jókòó. Alfa wà nídìí tábìlì ní kíṣìnì, bírò lọ́wọ́. Nàbílà ń wá bísíkíìtì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń pè ní press bíi gbogbo ọmọ Dublin. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ẹ jẹ́ ká gbà á bí a ṣe gbọ́ ọ.

"Da, èló lẹ fún ara yín?" Bí àwọn ọmọ Dublin ṣe ń pe bàbá wọn nìyẹn.

"Mo ti kọ ọ́."

Ó nawọ́ fa bébà náà. Oókan ni bàbá rẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀.

"Ah, Da! Wọ́n máa lé yín."

"Ta ní í fún ara rẹ̀ ní máàkì? Ṣé orí mi dàrú ni? Ẹlòmíì ní í sọ pé ènìyàn ṣe dáadáa."

"Màmá ló máa ń sọ ọ́."

Alfa ká bébà náà, ó fi sápò.

"Ẹ kàn kọ mẹ́ta," ni ọmọ náà tún wí. "Mẹ́ta, ó grand, ó ti dáa."

"Kí wọ́n wá sọ pé ọdún tí ìyàwó Mọ̀múdù kú ló di agbéraga?"

Nàbílà ti press. Ó gbàgbé bísíkíìtì.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ní ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n péjọ sí họ́ọ̀lù Coolock. Ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ni Ruth, obìnrin Ireland kan tó wọ aṣọ òjò, tó gbé báàgì ńlá. Ó ní kí wọ́n má pe òun ní madam. Bàbá Khalifa ń pè é ní Ìyáàfin, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ohun gbogbo ló grand lẹ́nu Ruth. Òjò, grand. Tíì, grand. Àga tó jókòó lé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, òun náà grand. Ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Wọ́n fi Nàbílà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa túmọ̀, nítorí Bàbá Khalifa kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, àwọn yòókù kì í sì í lè bínú ní gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Mọ́pẹ́ ní, "Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bí kì í bá ṣe yín, àwọn ọmọ wa ì bá ti gbàgbé ẹni tó dá wọn." Tàjùdíìnì ní irú Alfa kò sí láti Coolock dé Kano. Bàbá Khalifa kí i ní Lárúbáwá, ó sùn. Ruth ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gba bébà lọ́wọ́ oníkálukú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tún un rò. Ó ń wo bébà síwájú, ó ń wò ó sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Kò tó mẹ́ta," ló wí.

"Kí ni kò tó mẹ́ta?"

Ruth kà á síta bí òfin ṣe wí, kò dárúkọ. Ẹnìkan fún Alfa ní méjì lórí ohun gbogbo. Ẹlòmíì, méjì. Ẹlòmíì, méjì. Alfa fúnra rẹ̀, oókan. Ẹnìkan ṣoṣo ló fún un ní márùn-ún.

Mọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Márùn-ún? Ta ló fún un ní márùn-ún?"

Nàbílà túmọ̀ rẹ̀. Ruth rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà ni.

"Kó jáde!" ni Mọ́pẹ́ ń wí. "Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó! Ta ló gbé e sókè báyìí kí ayé lè rí i? Ọ̀tá wo nìyẹn?"

Bàbá Khalifa jí. "Wọ́n ní kí ni?"

"Bàbá, ẹnìkan fún Alfa ní márùn-ún."

"Aúsù bílláhì!"

Ruth gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ní ẹni tó fún ènìyàn ní márùn-ún kò ṣe é níbi, ẹni tó fún un ní méjì ló yẹ kó ṣàlàyé. Bí ẹni pé ó ti ń dúró de ìbéèrè náà, Mọ́pẹ́ dá a lóhùn.

"Èmi fún un ní méjì. Mi ò purọ́. Irun tí mo bá fẹ́ràn jù ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn ni mò ń gbé e sí, mi ò ní gbé e kọ́ síta kí olè máa wò ó. Bí mo bá fún Alfa ní mẹ́rin, tí bébà yẹn wá ń yí kiri ọ́fíìsì, ta ló mọ irú ojú tó máa bà lé e? Ikú ti wọ ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo fi méjì bò ó lórí."

"Ó ní òun fún un ní méjì nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀," ni Nàbílà sọ fún Ruth.

"Méjì?"

"Yeah."

Tàjùdíìnì tún fìlà rẹ̀ dé. "Èmi ò tìtorí ojú burúkú ṣe é. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni mo lò. Níbi tiwa, ẹ̀ka tí máàkì rẹ̀ bá ga ni wọ́n ń dín ènìyàn ibẹ̀ kù. Wọ́n á ní ẹ mà ń gbìyànjú o, ẹ ò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀ka tí tiẹ̀ bá wálẹ̀ ni wọ́n ń rán ẹ̀rọ tuntun sí. Mo fún Alfa ní méjì kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ amúlémóoru mìíràn sí Clondalkin. Aláìsàn tó bá lọ sọ fún dókítà pé ara òun le, ta ni yóò fún un lóògùn?"

Nàbílà túmọ̀ ìyẹn náà. Ruth kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó pa á rẹ́.

Ó kan Bàbá Khalifa. Bàbá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó kọjú sí Ruth.

"Ìyáàfin, márùn-ún, ti Ọlọ́run ni. Ẹ̀dá kankan kò lè gbà á. Mẹ́rin, ti àwọn ànábì. Mẹ́ta, ti àwọn sàhábà. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti lọ sí Mẹ́kà o. Oókan ni mo lè fún ara mi." Omi ti ń lé lójú bàbá. "Mo fún ọmọkùnrin yìí ní méjì. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní méjì rí."

Mọ́pẹ́ nu ojú rẹ̀. Tàjùdíìnì ní, "Ẹ kú oore, Bàbá." Alfa dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ruth wò wọ́n títí.

Ó wá ku ẹnì kan. Gbogbo ojú yí sí i. Alhaji Adélékan tún táì rẹ̀ ṣe.

"Alhaji," ni Mọ́pẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin? Kí ni Alfa fi ṣẹ̀ yín?"

"Ìfẹ́ ni mo fi fún un!"

"Ìfẹ́ wo? Ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn á fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀!"

"Ẹ ní kó sọ Máṣà Allāhù," ni Bàbá Khalifa pàṣẹ. "Lórí márùn-ún kọ̀ọ̀kan."

Alhaji Adélékan, tí báńkì mélòó kan mọ orúkọ rẹ̀, jókòó, ó ń sọ Máṣà Allāhù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ kéwú tí kò mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti ṣírò rẹ̀. Ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ wọn yóò fa Alfa lulẹ̀ ju ìkórìíra òun lọ. Ohun tó ń wá ni kí ọwọ́ òun mọ́. Bí Alfa bá ṣubú, kó wà lákọsílẹ̀ pé òun gbé e lérí.

Bó ṣe sọ èyí tó kẹ́yìn tán, ó yíjú sí Ruth, ó kó gẹ̀ẹ́sì jáde. Ó ní ó dun òun dọ́kàn. Ó ní ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ó ní bó bá di dandan, òun ṣetán láti bá wọn di ipò náà mú.

Ìgbà yẹn ló tó yé àwọn mẹ́ta náà pé àwọn ti lé Alfa. Mọ́pẹ́ káwọ́ lérí. Wọ́n bẹ Ruth kó jẹ́ kí àwọn yí i padà. Tàjùdíìnì ní kó kà á bí ìgbà tí wọn ò tíì kà á. Ruth ní máàkì tí wọ́n bá ti kà síta ti di ti ìjọba. Ó wá ṣí ìwé òfin. Ó ní ọ̀nà kan ló ṣẹ́kù: èsì. Bí ọ̀gá bá dìde, tó sọ ohun tó ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì tẹ́ ìgbìmọ̀ lọ́rùn, wọ́n lè fún un ní máàkì tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní gbangba.

"Ẹ ṣáà sọ ibi tí ẹ ti ṣe dáadáa," ló sọ fún Alfa. "Ẹ má tijú."

Alfa dìde.

Ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tíì, níbi tí Husainat máa ń dúró sí. Kẹ́tùlù nìkan ló wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Alhaji wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Da," ni Nàbílà wí. "Ẹ kàn sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ̀rẹ̀," ni Ruth wí. "Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n kà. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Èmi kọ́," ni Alfa wí. "Husainat ni."

"Báwo?"

"Ó ní ká má nà wọ́n. Mo mú pàṣán wá láti ilé. Òpó ilé-kéwú ni pàṣán, bí a ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní wíńdò yìí ń pa dé fúnra rẹ̀. Ó fi gbé e ró."

Gbogbo ojú lọ sí wíńdò. Pàṣán náà wà níbẹ̀, ó gbé wíńdò ró, ó ti rẹ̀ dànù.

"Àwọn olùkọ́ kì í pẹ́ dé?"

"Òun ló ń pè wọ́n láàárọ̀ Sọ́ńdè. Kì í bá wọn jà. Á kàn ní òróró ti gbóná o. Ta ló máa wá pẹ́?"

"Ibi ìjókòó tó móoru?"

"Kí ẹ tó fún wa ní ẹ̀rọ, ó lọ gba búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Ireland tó wà ládùúgbò. Ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Wọ́n rò pé ìwàásù ló fẹ́ ṣe. Obìnrin kan sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Ó dúró títí ó fi jáde. Obìnrin yẹn ló fún wa ní mẹ́rin."

Ruth rẹ́rìn-ín. Alfa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò dúró kí wọ́n bi í nípa àwọn òbí. Ó ní Husainat mọ orúkọ gbogbo ìyá ọmọ, ó mọ èyí tó lóyún, ó mọ èyí tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó sọ ti ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé Husainat ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú àpò tó ya. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọn ò gbọ́ tó báyìí lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àwọn ìgbìmọ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mọ́pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí òun bí àbígbẹ̀yìn òun, Husainat ló ń bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tàjùdíìnì ní obìnrin náà sàn ju ẹ̀rọ amúlémóoru lọ. Kò sí ẹni tó rántí láti fi nǹkan sílẹ̀. Ojú burúkú kò lè ba òkú. Ìjọba kò lè dín òkú kù níbi iṣẹ́. Alhaji pàápàá ní, "Ènìyàn rere ni." Ta ni yóò sọ búburú òkú ní gbangba?

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní máàkì rẹ̀," ni Mọ́pẹ́ wí. Ó la ìka ọwọ́ rẹ̀ máràárùn-ún sókè. Tàjùdíìnì la tirẹ̀. Alhaji wò yíká, ó la tirẹ̀. Ó wá ku Bàbá Khalifa. Wọ́n ń wò ó.

"Márùn-ún, ti Ọlọ́run ni," ni bàbá wí. Ó ń rò ó. "Ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́dọ̀ Ẹni tó ni ín. Ẹ fún un."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Ruth fi bírò kan eyín. "Kì í ṣe obìnrin yẹn ni à ń wọ̀n. Ó ti kú."

"Gẹ́lẹ́!" Alhaji ti dìde. "Àga ṣófo nìyẹn!"

"Ẹ dúró ná," ni Tàjùdíìnì wí. "Kí ni òfin wí? Ẹ kà á."

Ruth kà á. Òfin ní ẹni tó darí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún náà ni kí ìgbìmọ̀ wọ̀n. Ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

"Ta ló darí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án?" ni Tàjùdíìnì bi wọ́n.

"Husainat," ni wọ́n dáhùn. Ẹnu wọn ṣe ọ̀kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìpàdé wọn.

"Ìwé wa ní ẹ̀yin ni ọ̀gá," ni Ruth sọ fún Alfa.

"Àṣìṣe ni," ni Alfa wí. "Igbákejì ni mí."

Ruth wò ó. Ó wo Nàbílà. Nàbílà ń wo òrùlé. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì ò pọ̀.

"Grand," ni Ruth wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀gá ilé-kéwú: Husainat, olóògbé. Máàkì: márùn-ún. Igbákejì: Mọ̀múdù, kó máa bá iṣẹ́ lọ títí ìgbìmọ̀ yóò fi rí ẹni tó tó ọ̀gá àná.

"A ò ní rí i," ni Bàbá Khalifa wí. Ó padà sùn.

Tàjùdíìnì tún rí nǹkan mìíràn nínú òfin náà: ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Kò sí igbákejì níbẹ̀. Alhaji béèrè bóyá òun lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ipò ọ̀gá. Mọ́pẹ́ ní kó gbìyànjú, ó ṣáà ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi í wé. Alhaji di báàgì rẹ̀. Kí ó tó jáde, ó bi Ruth bóyá ó ti ra ilé.

Alfa àti Nàbílà fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, wọ́n gba àárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Òjò ti dá díẹ̀.

"Da, irọ́ lẹ pa. Búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀yin lẹ lọ gbà á. Mo tẹ̀ lé yín. Ẹ̀yin ni obìnrin yẹn sá fún."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pe àwọn olùkọ́."

"Mo mọ̀."

"Pàṣán ńkọ́?"

"Pàṣán, màmá rẹ ni. Òótọ́ nìyẹn."

Wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ Alfa. Ó wà ní títì.

"Ẹ ṣe dáadáa, Da." Yorùbá ló fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ wọ́, bí ohùn ọmọ Coolock.

Alfa tẹ orí ba. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí bàtà ń fún. Kò ní kó dákẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ruth pe họ́ọ̀lù lórí fóònù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ ti rí ọ̀gá, kí òun lè wá fún ìgbéléwọ̀n. Igbákejì ló gbé e. Òróró ti gbóná lórí iná, àwọn ọmọ ń pariwo.

"Rárá o," ni Alfa wí. "Ẹni tó wà níbẹ̀ ò tíì lọ."